Bí Ibi Ìpààrọ̀ Jíà Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ Nínú Ọkọ̀ Àtijọ́ Tó Ń Lo Jíà Ọ́tò, àti Bí A Ṣe Lè Tún Un Tò

Ẹni tó bá ń wa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àtijọ́ tó ń lo jíà ọ́tò máa ń mọ̀ nígbà tí ìpààrọ̀ jíà kò bá lọ bó ṣe yẹ. Ẹ́ńjìnnì á máa han gooro kí jíà kejì tó wọlé, tàbí kí jíà kẹta sáré wọlé nígbà tí ọkọ̀ kò tíì ní eré kankan lọ́wọ́, tí ẹ́ńjìnnì á sì máa gbọ̀n bí ẹni pé ó fẹ́ kú. Ohun tí kò yé ọ̀pọ̀ èèyàn ni ohun tó ń pinnu àkókò ìpààrọ̀ yẹn nínú jíà tí kò ní kọ̀ǹpútà rárá. Nítorí pé kò yé wọn, wọ́n máa ń rò pé súkúrú kan tàbí kébù kan ló wà níbì kan tí èèyàn lè yí títí jíà yóò fi máa pààrọ̀ bó ṣe wù ú. Èrò yìí ti ba jíà tó ṣì lágbára jẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ó yẹ kí a mọ iṣẹ́ tó ń lọ nínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mú irinṣẹ́ lọ́wọ́.

Láti ìgbà Hydra-Matic tí General Motors gbé jáde nínú ọkọ̀ Oldsmobile ti ọdún 1940 títí di nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1980, ọ́ìlì ni ọ̀pọ̀ jíà ọ́tò fi ń ronú. Pọ́ǹpù kan wà nínú jíà tí ẹ́ńjìnnì ń yí, òun ló sì ń ti ọ́ìlì gba ojú ọ̀nà tóóró-tóóró lọ sínú àwo irin tí wọ́n ń pè ní valve body. Inú àwo yìí ni àwọn fáfù wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ ọ̀pá irin dídán tí kò ju ìka ọwọ́ lọ, tó ń rìn síwá sẹ́yìn nínú ihò rẹ̀. Ọ̀kan wà fún ìpààrọ̀ láti jíà kìn-ín-ní sí ìkejì, òmíràn wà fún ìkejì sí ìkẹta. Nígbà tí fáfù bá sún kúrò ní ipò rẹ̀, ọ́ìlì á ráyè kọjá lọ sínú kílọ́ọ̀ṣì tó yẹ, jíà á sì pààrọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Kí ló wá ń sún fáfù? Ipá ọ́ìlì méjì ni, wọ́n sì dojú kọ ara wọn. Ipá kìn-ín-ní ń tẹ̀lé eré ọkọ̀, ipá kejì ń tẹ̀lé bí awakọ̀ ṣe tẹ àsílẹ́rétọ̀ tó, sípíríǹgì kan sì wà lẹ́yìn ìkejì yìí tó ń ràn án lọ́wọ́. Ẹ fojú inú wo ẹni méjì tó ń ti ilẹ̀kùn kan, tí ọ̀kan wà nínú ilé, tí èkejì wà níta: ẹni tó bá lágbára jù ni ilẹ̀kùn yóò gbà fún. Bí eré ọkọ̀ bá ti pọ̀ tó láti borí ipá tó ń wá láti ẹsẹ̀ awakọ̀, fáfù á sún, jíà tó ga á sì wọlé. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ kan náà fi lè bọ́ sí jíà kejì ní nǹkan bíi kìlómítà 20 ní wákàtí kan nígbà tí a bá rọra tẹ̀ ẹ́, tí yóò sì dúró di kìlómítà 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí a bá tẹ àsílẹ́rétọ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá. Ibi ìpààrọ̀ jíà kì í ṣe eré kan pàtó tí wọ́n kọ síbì kan. Ibi tí ipá méjèèjì ti bá ara wọn dọ́gba ni.

Ipá tó ń tẹ̀lé eré ọkọ̀ ń wá láti ara ẹ̀yà kan tí wọ́n ń pè ní governor. Ọ̀pá tó ń jáde láti inú jíà lọ sí táyà ló ń yí i, ó sì ní àwọn ìwọ̀n irin kéékèèké tó máa ń ṣí jáde bí ó bá ti ń yára yí. Bí wọ́n ṣe ń ṣí sí i ni ipá ọ́ìlì tó ń ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá ń pọ̀ sí i. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, kò sí súkúrú kankan lára rẹ̀ tí a lè yí láti ìta.

Ti ẹsẹ̀ awakọ̀ ló ní oríṣiríṣi ọ̀nà, ibẹ̀ gan-an sì ni ìdàrúdàpọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ìmọ̀ràn tó tọ́ fún ọkọ̀ kan lè ba ti ẹlòmíràn jẹ́. Ọ̀nà kìn-ín-ní ni kébù tó so kabúrétọ̀ mọ́ jíà, irú èyí tó wà lára 700-R4 ti General Motors tó jáde ní ọdún 1982, àti lára ọ̀pọ̀ jíà Toyota ti ìgbà náà. Ọ̀nà kejì ni ọ̀pá irin gbọọrọ tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, bíi ti TorqueFlite tí Chrysler ṣe. Ọ̀nà kẹta kò lo kébù tàbí ọ̀pá rárá: họ́ọ̀sì kékeré kan ló ń gbé fákúùmù, ìyẹn agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa afẹ́fẹ́ mu, láti ẹnu ẹ́ńjìnnì lọ sí ara agolo irin kékeré kan lára jíà tí wọ́n ń pè ní modulator. TH350 àti TH400 ti General Motors ń lo ọ̀nà yìí, C4 àti C6 ti Ford náà sì ń lò ó. Bí a bá rọra tẹ àsílẹ́rétọ̀, fákúùmù á pọ̀, modulator á sì dín ipá ọ́ìlì kù; bí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, fákúùmù á fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, ipá ọ́ìlì á sì ga sókè. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ fún ẹni tó fẹ́ tún jíà rẹ̀ tò ni kó mọ èwo nínú ọ̀nà mẹ́ta yìí ni tirẹ̀.

Kókó kan wà níbí tí mo fẹ́ kí gbogbo èèyàn dì mú. Nínú ọ̀pọ̀ jíà wọ̀nyí, ipá ọ́ìlì tó ń wá láti ẹsẹ̀ awakọ̀ kì í ṣe ti àkókò ìpààrọ̀ nìkan. Òun kan náà ló ń sọ fún jíà bí yóò ṣe di àwọn kílọ́ọ̀ṣì mú le tó. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ líle, ó yẹ kí ọ́ìlì di kílọ́ọ̀ṣì mú dáadáa kí ó má baà yọ̀. Nígbà tí iṣẹ́ bá fúyẹ́, ó yẹ kí ìdìmú rọ̀ kí jíà má baà máa gbá. Nítorí náà, ẹni tó bá dẹ kébù nítorí pé ó fẹ́ kí jíà máa tètè pààrọ̀, kí ó sì máa rọra wọlé, ti dín agbára ìdìmú kílọ́ọ̀ṣì kù láìmọ̀. Ọkọ̀ náà á dùn ún wà fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, kílọ́ọ̀ṣì á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ nígbàkigbà tí ó bá gun òkè tàbí tí ó bá kó ẹrù, ooru á jó o, ọ́ìlì á dúdú, òórùn jíjó á sì máa jáde láti ojú ihò géèjì ọ́ìlì. Ìwà jẹ́jẹ́ tí jíà ń hù kò túmọ̀ sí pé ara rẹ̀ yá.

Ọ̀rọ̀ yìí tún gba kí a ya ohun méjì sọ́tọ̀ tí àwọn èèyàn máa ń pa pọ̀: àkókò tí jíà ń pààrọ̀, àti bí ó ṣe ń wọlé, bóyá ó ń rọra wọlé ni tàbí ó ń gbá. Nínú C4 tàbí TH350, modulator kan náà ló ń darí méjèèjì. Ṣùgbọ́n nínú jíà Mercedes-Benz tí wọ́n ń pè ní 722.3, èyí tó wọ́pọ̀ nínú ọkọ̀ wọn ti àwọn ọdún 1980, iṣẹ́ náà pín sí méjì: kébù ló ń darí àkókò ìpààrọ̀, modulator tó ń lo fákúùmù ló sì ń darí bí jíà ṣe ń wọlé. Ẹni tí jíà rẹ̀ ń pẹ́ kí ó tó pààrọ̀, tó wá lọ ń yí modulator, yóò kàn fi ìṣòro kejì kún ti àkọ́kọ́ ni. Òdìkejì rẹ̀ wà nínú jíà Toyota A340E, níbi tí kọ̀ǹpútà ti ń pinnu àkókò ìpààrọ̀, síbẹ̀ tí kébù ṣì wà níbẹ̀ láti máa darí ipá ọ́ìlì. Bí a bá fa kébù yẹn le títí di ọ̀la, àkókò ìpààrọ̀ kò ní yí padà. Jíà á kàn máa gbá sí i ni.

Kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, a ní láti dá àwọn ohun tó ń fara jọ àìtò jíà mọ̀. Ọ́ìlì ló ṣáájú. Bí ọ́ìlì bá kéré, pọ́ǹpù á máa fa afẹ́fẹ́ mọ́ ọn, gbogbo ipá tí mo ń sọ yìí á sì di aláìdúróṣinṣin. Ìgbà tí jíà bá ti gbóná dáadáa, tí ọkọ̀ wà lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ni a ń yẹ ọ́ìlì wò, nítorí pé ọ́ìlì tútù á fi ìwọ̀n tó lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ hàn. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni a ń yẹ̀ wò pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ ní Park, ti Chrysler jẹ́ ní Neutral, ti Honda sì jẹ́ lẹ́yìn tí a bá ti pa ẹ́ńjìnnì, nítorí náà ìwé ọkọ̀ ni kí a tẹ̀lé. Bí ọ́ìlì bá ti dúdú tó sì ń rùn bí ohun tó jó, àtúntò kò lè ran jíà yẹn lọ́wọ́ mọ́.

Ẹ̀yìn ọ́ìlì ni pẹ́dààlì kàn, mo sì rò pé ibí yìí ni ó yẹ kí èèyàn lo àsìkò jù. Kí a pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹnì kan jókòó sórí àga awakọ̀ kí ó tẹ àsílẹ́rétọ̀ dé ilẹ̀, kí ẹlòmíràn sì dúró síwájú ọkọ̀ kí ó máa wo apá irin tó wà lára kabúrétọ̀. Lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ bá ti dé ilẹ̀, kí ẹni tó wà níwájú fi ọwọ́ ti apá irin náà. Bí ó bá ṣì lè lọ síwájú sí i, a jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì kò ṣí tán rí, kébù jíà náà kò sì fà tán rí. Ó lè jẹ́ pé kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn ló dá pẹ́dààlì dúró, tàbí pé wáyà àsílẹ́rétọ̀ ti nà nítorí ọjọ́ orí. Ẹni tó bá tún kébù jíà tò lórí pẹ́dààlì tí kò ṣí tán ti kọ́lé sórí ìpìlẹ̀ tó wọ́.

Fún ọkọ̀ tó ń lo fákúùmù, họ́ọ̀sì rẹ̀ ni kí a tọ̀ lọ. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára modulator, kí ẹ fi ìka kékeré kan ẹnu rẹ̀. Ó yẹ kí ó gbẹ. Bí ọ́ìlì pupa bá bá ìka jáde, awọ rọ́bà tó wà nínú modulator ti ya, ẹ́ńjìnnì sì ti ń fa ọ́ìlì jíà mu: òun ló ń fa èéfín funfun láti ẹ̀yìn ọkọ̀, òun náà ló sì ń jẹ́ kí ọ́ìlì máa dín kù láìjẹ́ pé ó kán sílẹ̀ níbì kankan. Kò sí súkúrú tó lè wo ìyẹn sàn. Modulator tuntun ni yóò gbà. Bí ó bá gbẹ, ẹ so géèjì fákúùmù mọ́ họ́ọ̀sì náà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láìtẹ̀ ẹ́. Ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ dá máa ń fi nǹkan bí ínṣì mẹ́kúrì (inHg) 17 sí 21 hàn ní ilẹ̀ tí kò ga ju òkun lọ púpọ̀, ó sì máa ń dín ní nǹkan bí ínṣì kan fún gbogbo mítà 300 tí ilẹ̀ bá fi ga sí i. Bí géèjì bá fi ohun tó kéré púpọ̀ sí ìyẹn hàn, ó lè jẹ́ pé họ́ọ̀sì ti ya tàbí pé iná púlọ́ọ̀gì ń pẹ́. Irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ń parọ́ fún jíà pé ẹsẹ̀ awakọ̀ wúwo, jíà sì ń ṣe ohun tó tọ́ gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n sọ fún un. Tí a bá tún jíà tò láti bá irọ́ yẹn mu, ọjọ́ tí wọ́n bá tún ẹ́ńjìnnì ṣe ni gbogbo rẹ̀ á tún dàrú.

Bí gbogbo èyí bá wà ní ipò tó yẹ, kí a wa ọkọ̀ náà lórí ọ̀nà tó dá, kí ẹnì kejì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ pẹ̀lú ìwé àti bírò. Kí ó kọ eré tí ìpààrọ̀ kọ̀ọ̀kan wáyé sílẹ̀, lọ́nà mẹ́ta: pẹ̀lú ẹsẹ̀ fẹ́lẹ́, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́ dé ìdajì, àti pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó kan ilẹ̀. Àkọsílẹ̀ yìí sọ púpọ̀ ju ohun tí etí lè gbọ́ lọ. Bí ìpààrọ̀ bá pẹ́ pẹ̀lú ẹsẹ̀ fẹ́lẹ́ ṣùgbọ́n tí ó bọ́ sí àkókò nígbà tí ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, ọ̀nà tí jíà fi ń gbọ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ ló ní ìṣòro, ìyẹn kébù, ọ̀pá tàbí modulator. Bí ó bá pẹ́ tàbí yá ní ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ìwọ̀n kan náà, governor tàbí táyà ni kí a fura sí. Bí jíà kò bá tilẹ̀ kúrò ní ìkìn-ín-ní rárá bó ti wù kí eré pọ̀ tó, ó ṣeé ṣe gan-an kí governor ti há tàbí kí fáfù ti dì nínú ihò rẹ̀.

Àtúntò kébù ní òfin kan tó ga ju gbogbo òfin yòókù: nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ṣí tán, kébù náà gbọ́dọ̀ fà tán, kò gbọdọ̀ ṣẹ́kù, kò sì gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lára ọ̀pọ̀ Toyota, wọ́n ti fi irin róbótó kékeré kan mọ́ ara wáyà kébù náà. A ó ní kí ẹnì kan tẹ àsílẹ́rétọ̀ dé ilẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́, a ó sì wo àlàfo tó wà láàárín irin yìí àti etí rọ́bà tó bo ẹnu kébù: kò gbọdọ̀ ju mìlímítà 0 sí 1 lọ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, nọ́ọ̀tì méjì tó di kébù mú ni a ó tú, tí a ó sì sún un. Ti 700-R4 yàtọ̀, nítorí pé ó ń tún ara rẹ̀ tò: a ó tẹ bọ́tìnnì kékeré tó wà lára ìdè rẹ̀ mọ́lẹ̀, a ó ti ìdè náà sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ kabúrétọ̀ títí yóò fi dúró, a ó fi bọ́tìnnì sílẹ̀, a ó wá fi ọwọ́ ṣí apá irin kabúrétọ̀ dé òpin rẹ̀. Kébù á dún táká-táká bó ṣe ń rí ipò rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Láti ibi ìwọ̀n tó tọ́ yẹn, èèyàn lè fà á le díẹ̀, bíi mìlímítà kan sí méjì, bí ó bá fẹ́ kí ìpààrọ̀ pẹ́ díẹ̀ sí i kí ó sì múná sí i. Mi ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti dẹ̀ ẹ́ kọjá ìwọ̀n náà, ìdí rẹ̀ sì ni ti kílọ́ọ̀ṣì tí mo sọ lókè. Àwọn tó ti pààrọ̀ kabúrétọ̀ ọkọ̀ wọn sí irú mìíràn ní láti ṣọ́ra jù. Apá irin kabúrétọ̀ tuntun lè gùn tàbí kúrú ju ti àtijọ́, kí kébù fà tán ní òpin ṣùgbọ́n kí ó má fà tó ní àárín, níbi tí ọkọ̀ ti ń lo ọ̀pọ̀ ìgbésí ayé rẹ̀. Wọ́n máa ń ta apá irin tó bá a mu lọ́tọ̀, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó jíà.

Ti modulator rọrùn jù ú lọ, bí ó bá jẹ́ irú èyí tó ní súkúrú, torí kì í ṣe gbogbo wọn ló ní i. Inú ẹnu tí họ́ọ̀sì ń wọ̀ ni súkúrú náà máa ń wà. Bí a bá yí i wọlé, sípíríǹgì inú rẹ̀ á le sí i, ìpààrọ̀ á pẹ́ sí i, jíà á sì wọlé gírí. Bí a bá yí i jáde, òdìkejì rẹ̀ ni. Ẹ má ṣe yí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí ẹ tó wa ọkọ̀ wò, kí ẹ sì kọ iye tí ẹ yí sílẹ̀ kí ẹ lè dá a padà. Ìkìlọ̀ tí mo ṣe nípa dídẹ kébù kan yíyí i jáde náà: ìgbà tí ẹ bá rí i pé ẹ́ńjìnnì ń fò sókè díẹ̀ láàárín jíà kan sí èkejì, ẹ ti kọjá ààlà, ẹ yí i padà sínú.

Bí ó bá jẹ́ ìpààrọ̀ tó ń wáyé nígbà tí ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ni ẹ fẹ́ yí padà, governor ni ibi tó tọ́ láti lọ. Nínú TH350 àti TH400, ó ṣeé yọ láti ìta jíà láìsọ jíà kalẹ̀, a sì lè fi ìwọ̀n irin tó fúyẹ́ rọ́pò èyí tó wà lára rẹ̀: bí ìwọ̀n bá fúyẹ́ sí i, eré ọkọ̀ gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i kí ipá rẹ̀ tó borí, ìpààrọ̀ á sì pẹ́ sí i. Ìwọ̀n táyà náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pète rẹ̀. Táyà tó ga ju ti àtètèkọ́ṣe lọ máa ń mú kí ọ̀pá jíà rọra yí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní eré kan náà, nítorí náà jíà á máa pààrọ̀ ní eré tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun tó ṣe é.

Ó ku kick-down, ìyẹn bí jíà ṣe ń já sílẹ̀ nígbà tí awakọ̀ bá tẹ àsílẹ́rétọ̀ mọ́lẹ̀ lójijì láti ya ọkọ̀ mìíràn sílẹ̀. Nínú TH400, wáyà iná àti suwíìṣì ló ń ṣe é; nínú TH350, kébù tirẹ̀ ló ní, èyí tí àwọn èèyàn máa ń ṣì mú fún kébù àkókò ìpààrọ̀; nínú C4, ọ̀pá irin kan ni. Bí kébù TH350 bá já, jíà á ṣì máa pààrọ̀ lọ́nà tó dára pẹ̀lú ẹsẹ̀ fẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n kò ní já sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá nílò rẹ̀. Ti TorqueFlite kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀pá tó wà lára rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ kick-down, ó sì tún ń darí ipá ọ́ìlì, nítorí náà kò sí ìdí kankan tó fi yẹ kí ẹnikẹ́ni wa ọkọ̀ náà pẹ̀lú ọ̀pá tí a yọ kúrò, àní láti ilé dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì.